Wọ́n Gba Ìrora Lọ́wọ́ Ìyá Onígò

Ẹ̀yìn ilé ni Ìyá Onígò wà, ó ń fọṣọ, nígbà tí másíńjà ìjọba kan ilẹ̀kùn. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó fọwọ́ síwèé pé òun ti gba lẹ́tà, ó sì ya àpòòwé náà. Eruku kan báyìí, tó rí bí ìgbà tí èèyàn po ẹfun mọ́ èédú, lẹ̀ mọ́ ọmọ ìka rẹ̀. Kò kà á sí. Ọ́fíìsì ìjọba wo ni kò ní eruku?

Lẹ́tà náà ò gùn. Ìgbìmọ̀ tó ń tún ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kó wá fúnra rẹ̀.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń dúró de lẹ́tà yìí.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé-omi ìjọba. Láràárọ̀, á bu omi sínú ìgò láti inú táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ ohun tó bá rí sínú ìwé, á fọwọ́ sí i. Torí ìgò tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Onígò. Lọ́jọ́ kan, omi táǹkì kẹta ò dáa. Ọ̀gá ilé-omi ní kó kọ ọ́ pé ó dáa, torí pé àwọn àgbààgbà ń bọ̀ láti òkè wá ṣe àbẹ̀wò.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ó wí. "Àwọn ọmọdé ló máa mu ún."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú.

Ọjọ́ kẹrin ni kúérì àkọ́kọ́ dé, pé ó fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàyè. Èkejì ní ó ń kọ irọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò. Ẹ̀kẹta ní ó ń gbó ọ̀gá lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ ilé-omi, ẹkún ló fi gbogbo àkókò náà sun. Gbogbo ohun tó kó sínú láti sọ, kò rántí ọ̀kan. Wọ́n lé e. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ó fi lẹ́tà náà sórí fèrèsé, ó padà sídìí aṣọ. Omi inú ọpọ́n náà tutù láti àárọ̀, ó ti ń ráhùn sí i. Ní báyìí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò tutù mọ́. Kò sì gbóná. Kò jẹ́ nǹkan kan.

* * *

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́sàn-án gangan, ọ̀gá ilé-omi ti páàkì mọ́tò rẹ̀ síbi tó jìnnà, ó wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún aago ṣe. Baba Aláago ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa kì í gbé aago wá. Aago bí ogójì ló kọ́ sára ògiri, àsìkò tí ọ̀kan ń sọ ò bá ti èkejì mu, síbẹ̀ gbogbo wọn pa ohùn pọ̀: kò, kò, kò.

"Ta ni?" Baba Aláago béèrè. Kò gbójú sókè.

"Obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi ni, Baba. Wọ́n ti lé e, ó tún gbé ẹjọ́ lọ sókè. Tí wọ́n bá tú u wò, á kàn mí."

"Ṣé kó kú ni?"

"Rárá o! Mi ò bá tẹ̀jẹ̀ wá. Mo kàn fẹ́ kó má lè jà mọ́ ni."

"Kí ló ń mú un jà?"

Ọ̀gá ronú díẹ̀. "Ohun tí mo ṣe sí i ń dùn ún."

"A ó gba dídùn náà, nìyẹn." Baba Aláago wá wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Àmọ́ gbọ́ o. Ohun tó ń dunni àti ohun tó ń dùn mọ́ni, inú àpò kan náà ni Ẹlẹ́dàá kó wọn sí. Mi ò lè fa ọ̀kan yọ kí èkejì má tẹ̀lé e."

"Ìyẹn ò kàn mí, Baba."

"Kí lo mú wá?"

Ọ̀gá fa ìwé kan yọ lápò. Ojú ewé tó ya kúrò nínú ìwé àyẹ̀wò ni, èyí tí Ìyá Onígò kọ pé omi táǹkì kẹta ò dáa, tó sì fọwọ́ sí. Ó ti rò ó dáadáa: tí ìwé yìí bá jóná, ẹ̀rí ti jóná, oògùn sì ti jinná.

Baba Aláago sun ún sínú àwo fàdákà kékeré kan, pẹ̀lú nǹkan mìíràn tí ọ̀gá ò fẹ́ wò. Ó wé eérú rẹ̀ sínú bébà. "Fi pa inú àpòòwé tí wọ́n máa fi lẹ́tà rẹ̀ sí. Nǹkan yìí kì í ríbi jókòó lára ẹni tó bá kọ̀ tí kò dúró. Tó bá dé iwájú ìgbìmọ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó sì sọ tẹnu rẹ̀ tán, ọ̀nà ilé ni oògùn yìí máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá."

"Ilé ta?"

Baba Aláago gbé aago kékeré kan sétí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Onígò, tó jẹ́ aránṣọ, ló kọ́kọ́ fura. Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Onígò ti kú ni àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé. Lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà dé, Ìyá Onígò ń bá a gbé bọ́tìnì sára aṣọ oníbàárà, ni abẹ́rẹ́ bá wọ àtàǹpàkò rẹ̀, ó yọ lódì kejì. Kò dúró. Ó ń rán an lọ.

"Yéè! Àbúrò mi, ọwọ́ ẹ!"

"Kí ló ṣe é?" Ó wo abẹ́rẹ́ náà bí ẹni tó ń wo nǹkan lára ẹlòmíì. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo ti ta ẹ̀jẹ̀ sáṣọ oníbàárà."

Ológbò ilé tó ń sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ ò wọ yàrá mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde gànnàgànnà. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dán an wò. Ó tún sọ ìtàn ọkùnrin tó ní kí wọ́n bá òun dín ṣòkòtò kù, tó sanra kó tó padà wá gbà á, tó wá ní aránṣọ ló jí aṣọ òun. Ìtàn yìí máa ń mú Ìyá Onígò rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dáa," ni Ìyá Onígò wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ẹ̀rù ẹjọ́ Ọjọ́bọ̀ ò bà ẹ́?"

"Ó yẹ kó bà mí. Mo ti ń wá a láti àná, mi ò rí i."

Ẹ̀gbọ́n wé gèlè lójú ẹsẹ̀. "Dìde ńbẹ̀. Èyí ti kúrò lọ́rọ̀ oògùn orí fífọ́."

* * *

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin tí wọ́n lọ bá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ kó tó wọ ilé ìwé wọn ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí kò sí nínú ìwé. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń run ọṣẹ. Ó bu omi sínú bàsíà, ó ní kí Ìyá Onígò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọwọ́ wọlé. Omi náà ò mì. Kò rú rárá, bí ìgbà tí òjìji bá wọnú omi.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta lo bá jà?" Ìyá Agbẹ̀bí béèrè.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Màmá. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí nǹkan kan ni, mi ò fọwọ́ sí i."

"Ìjà wo ló tún ju ìyẹn lọ?" Ìyá Agbẹ̀bí nu ọwọ́ náà gbẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọwọ́ ìkókó. "Mo lè dá a padà lónìí. Àmọ́ ohun tí wọ́n kó lọ yìí kì í padà ní díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rù, ìtìjú, ẹkún oṣù mẹ́ta, gbogbo wọn á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà wo lẹjọ́?"

"Ọ̀túnla."

"O ò ní lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí ọjọ́ méje tó pé."

"Tí mo bá lọ bí mo ṣe wà yìí ńkọ́?"

"Wàá lè lọ. Àmọ́ tó bá bá ẹ kọjá ọjọ́ náà, ó ti kúrò lágbára mi. Bóyá á padà, bóyá ò ní padà. Mi ò ní parọ́ fún ẹ."

"Ẹ dá a padà, Màmá!" Ẹ̀gbọ́n ti ń sunkún. "Kí nìṣẹ́? Kí nìjọba? Ẹ bá mi dá àbúrò mi padà!"

Ìyá Onígò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹkún nìyẹn, ó mọ̀ pé torí òun ni. Ńṣe ló dà bí ìgbà tó ń ka lẹ́tà onílẹ́tà.

"Àwọn èèyàn ṣì ń mu omi táǹkì kẹta," ó wí. "Màá lọ."

Ìyá Agbẹ̀bí kẹ́dùn. Ó wọ yàrá, ó mú egbò igi kan jáde, dúdú, ó tín-ín-rín bí ìṣó. "Fi sábẹ́ ahọ́n ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá gba dídùn lọ́wọ́ èèyàn, ẹnu ló máa ń wá gbà tẹ̀lé e. Ilẹ̀kùn èyíkéyìí tí o bá fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ni kí o fi wọlé. Gbọ́ mi dáadáa. Má kọjú sí i. Ẹ̀yìn."

* * *

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ẹjọ́, Baba Aláago ránṣẹ́ pe ọ̀gá. Gbogbo aago ara ògiri ti dákẹ́. Ẹyọ kékeré kan ló ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, ó ń sáré kíkankíkan.

"Tirẹ̀ nìyẹn," Baba Aláago wí. "Ó yẹ kó ti dúró. Ẹnì kan ti bá a di nǹkan mú."

Òógùn bo ọ̀gá. "Baba, ẹ bá mi fi kún un."

"Mo ti sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹ."

"Ẹ bá mi fi kún un!"

Baba Aláago fún un ní òwú dúdú kan tó ní kókó méje. "Sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n á ti gbọ́ ẹjọ́, lábẹ́ rọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá kọjú sí iwájú wọlé lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á kù síta. Ìwọ náà, ẹ̀gbẹ́ ni kó o fi wọlé, kó o sì má gbàgbé. Òwú ò mọ ojú."

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ti dé sẹkitéríàtì ṣáájú àwọn agbálẹ̀. Ó gbé etí rọ́ọ̀gì sókè, ó tẹ́ òwú náà. Bó ṣe ń dìde, ẹ̀rọ omi tó wà lópin kọ̀rídọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó lọ dì í. Ó ń kán. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ dì í, ó wo ẹnu ẹ̀rọ náà: ó gbẹ táútáú. Ohùn kíkán náà ò dúró.

* * *

Aago mẹ́wàá lù. Ìyá Onígò fi ẹ̀yìn wọlé.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó lẹ́yìn tábìlì gígùn. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni alága. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ ni àbí ẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń bọ̀, sà."

Ó yípo, ó jókòó. Egbò náà korò lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé itọ́ ń dà, kì í ṣe pé ó tọ́ ọ wò. Ọ̀gá wà lápá ọ̀tún, ó ń wo ẹsẹ̀ obìnrin náà.

"Kúérì sọ pé ẹ ò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejìlá oṣù," alága wí.

"Mo wà níbẹ̀, mà. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo bu omi táǹkì kìíní. Kọ́kọ́rọ́ mi há, ọ̀gá fúnra wọn ló wá bá mi ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní kí n tètè ṣe é."

Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, déètì, aago, ilẹ̀kùn, ìgò. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n, kò ròkè, kò lọ sílẹ̀. Akọ̀wé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbójú sókè wò ó, ó yára gbójú kúrò.

Ọ̀gá fò dìde. "Irọ́ ni! Ẹ tiẹ̀ wo ojú ẹ̀! Ojú ẹni tí kò láàánú nìyẹn! Níjọ́sí tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ńṣe ló ń ké bí ọmọ ọwọ́!"

"Ẹ jókòó," alága wí. "Nígbà tó sunkún, ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Kò sunkún lónìí, ẹ ní kò láàánú. Èwo ni ká mú níbẹ̀? Ìwé àyẹ̀wò ọjọ́ náà dà?"

"Ó ti ya á, mà. Òun ló ya á."

"Ẹ̀dà kan wà," Ìyá Onígò wí. "Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ìlera. Ó wà nínú ìlànà iṣẹ́ mi. Mi ò rántí sọ ọ́ níjọ́sí. Ẹkún ni mò ń sun."

Alága ní kí akọ̀wé lọ pe ọ́fíìsì ètò ìlera lórí fóònù. Ọ̀gá ní òun fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ sá jáde, fóònù tirẹ̀ ti wà létí. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ní ọ́fíìsì ètò ìlera ò gbé e. Ó tún pè. Kò gbé e. Ó gbọ́ ohùn akọ̀wé nínú yàrá pé, "Wọ́n ti rí i, mà, ó wà lọ́wọ́ wọn," ló bá fi eré padà wọlé, iwájú ló kọjú sí, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí rọ́ọ̀gì.

Ó la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde.

"Ẹ sọ̀rọ̀," alága wí.

Ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ti ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé ìtìjú ló dí i lọ́fun. Ìyá Onígò nìkan ló ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ní kọ̀rídọ̀ tó ṣófo, tó ń pariwo pé irọ́ ni, irọ́ ni, irọ́ ni, títí ohùn náà fi há.

Kò bà á lẹ́rù.

* * *

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Wọ́n ti wọ́gi lé lílé tí wọ́n lé e. Kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kà á sókè, ó jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká, ó dì mọ́ ọn.

"O borí! Àbúrò mi, o borí wọn!"

"Ó dáa," ni Ìyá Onígò wí. Ó rántí pé ó yẹ kí èèyàn gbé ọwọ́ sókè dì mọ́ ẹni tó bá dì mọ́ ọn, ó gbé e.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí. Ó bu omi, ó wò ó, ó da omi náà nù. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn.

Nílé-omi, wọ́n ti fa omi inú táǹkì kẹta gbẹ, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí i káàbọ̀, wọ́n pa á lẹ́rìn-ín, ó la ẹnu bí wọ́n ṣe ń la tiwọn. Kúérì ti dé ọwọ́ ọ̀gá. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi pè é. Ìyá Onígò bu omi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kan, òmíràn.

* * *

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni ọ̀gá wọlé bá a ní yàrá àyẹ̀wò. Ohùn rẹ̀ ti padà, àmọ́ ó há, bí ohùn ẹni tó sùn síta. Ó ti rù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá Onígò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi." Ọdún mẹ́rìndínlógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi "ẹ" pè é. "Ọmọ ìka ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti dé èjìká. Ó ń lọ sí àyà. Ọmọ mi kékeré gẹṣin lẹ́yìn mi lánàá, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Baba tó ṣe é ti kó lọ, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Kó tó lọ, ó ní àfi tí ẹ bá dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín," ó wí.

Ọ̀gá kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì já apá ọ̀tún ní èékánná, ó tún já a. Ojú rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ látọkàn."

"Ọkàn wo?" Kì í ṣe ẹ̀gàn. Ó ń béèrè ni. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbà á."

Ó yé ọ̀gá. Bó ṣe yé e, ó fẹ́ dìde. Ó na ọwọ́ ọ̀tún láti fi di tábìlì mú, orí sítóòfù oníná tí Ìyá Onígò fi ń se ìgò ló gbé e lé. Sítóòfù náà pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó fara tì í, ó ń sunkún, kò mọ̀.

Òórùn rẹ̀ ni Ìyá Onígò kọ́kọ́ gbọ́. Ó rí awọ tó ń wú. Ó mọ̀ pé ẹlòmíì á ti ké. Ó tún mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa bi òun, pé òun lè jókòó. Nǹkan kan nínú rẹ̀ ò sọ pé dìde, nǹkan kan ò sì sọ pé jókòó.

Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Ó di ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣí i sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ògiri fún ẹni tí iná bá jó. Ó ń wo aago. Omi ń dà sórí ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Ní ìṣẹ́jú keje, ọmọ ìka ọ̀gá sọ.

"Yéè!" Ó fò sókè. "Yéè, ó ń ta mí! Ìyá Onígò, ó ń ta mí o!" Ó ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín, ikun ń dà nímú rẹ̀.

Ìyá Onígò di ọwọ́ náà mú síbẹ̀. Omi kan náà ló ń dà sí ọwọ́ tirẹ̀. Kò tutù. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ojú tó fún pọ̀, ẹnu tó là sílẹ̀, ohun gbogbo tí ìrora ń ṣe lójú èèyàn. Nǹkan kékeré kan wá gé e jẹ lábẹ́ egungun ìhà, bí ebi. Ó dúró jẹ́ẹ́, kó má bàa sá. Ó wá orúkọ rẹ̀.

Owú ni. Ó ń jowú ọkùnrin tí iná jó.

Ó korò, ó mú, tirẹ̀ sì ni.

"Ẹ tún ké," ó wí.